Ìpẹtà Tí Wọ́n Fẹ́ Torí Rẹ̀ Fi Owó Mi Dù Mí: Ìrírí Mi Lórí Àtúnṣe Corolla Àtijọ́

Owó tó jáde lápò mi nítorí ìjàǹbá tí ẹlòmíràn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, tó sì gbà lójú ẹsẹ̀ pé òun lòun jẹ̀bi, jẹ́ ₦87,000. Ọkọ̀ ẹni náà ní ìwé ìdójútòfò (ìnṣọ́ráǹsì) tó pé, ilé-iṣẹ́ tó fún un ní ìwé náà kò sì fìgbà kan sọ pé àwọn kò ní sanwó. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé ọkọ̀ mi ti gbó. Corolla ọdún 2005 ni, mi ò sì bá wọn jiyàn pé kò gbó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ogbó ló fọ́ iná iwájú rẹ̀.

Fádéyì ni ó ti ṣẹlẹ̀, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, lórí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Jíìpù dúdú kan tó wà níwájú mi ti kọjá ibi tó yẹ kó yà, awakọ̀ rẹ̀ sì fi ẹ̀yìn rìn láìwo ẹ̀yìn, ó fi ìdí ọkọ̀ rẹ̀ gbá iwájú ọkọ̀ mi lápá ọ̀tún. Iná iwájú fọ́, bọ́mpà là, fẹ́ńdà sì ká. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má bínú, èmi ni mo jẹ̀bi." Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n kó mú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Níbẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí inú mi ṣì ń dùn sí: mo tẹ *565*11# lórí fóònù mi, mo sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wá ìwé ìdójútòfò náà nínú àkójọ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń tọ́jú, nítorí pé ìwé ayédèrú wà nígboro dáadáa. Ìwé tirẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Lẹ́yìn náà ni mo ya àwòrán nọ́ńbà jíìpù náà àti gbogbo ibi tó bàjẹ́, mo tilẹ̀ ki fóònù bọ ojú ibi tí bọ́mpà ti là, mo ya irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin ìdójútòfò ọdún 2003, tí òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2025, ló sọ ọ́ di dandan pé kí ìwé tí à ń wí yìí bo dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ ẹni bá bà jẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ti gbé owó ìwé náà kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni, tí iye tó ga jù tí ilé-iṣẹ́ lè san lórí dúkìá náà sì kúrò ní mílíọ̀nù kan náírà bọ́ sí mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ fi mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ.

Ti ìwé ọlọ́pàá, ti fọ́ọ̀mù àti ti ẹ̀dà ìwé ọkọ̀, mi ò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Kìkì ohun tí mo rò pé ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé oníjíìpù ni oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà, òun ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn pé òun gbá ọkọ̀ ẹnìkan. Bí kò bá kọ ọ́, ojú ẹni tó ń tọrọ owó ni wọ́n á fi máa wo ẹni tí wọ́n gbá. Mo pè é láàárọ̀, mo pè é lálẹ́, títí ó fi kọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá panẹ́ẹ̀bítà mi wà ní Múṣín, kò jìnnà sí ọjà Ládípọ̀. Bàbá ṣírò bọ́mpà sí ₦45,000, iná iwájú ₦35,000, fẹ́ńdà ₦30,000, owó iṣẹ́ àti ọ̀dà sì jẹ́ ₦70,000, gbogbo rẹ̀ wá di ₦180,000. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn kò gba ìṣirò tí kò bá sí lórí ìwé tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù lókè, a sì lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà. (Bàbá fẹ́ràn ìwé náà débi pé ó ní kí wọ́n tẹ púpọ̀ sí i fún òun.)

Nígbà tó yá, wọ́n rán arákùnrin kan wá láti díye lé ohun tó bàjẹ́. Bàbá ti mú irinṣẹ́ dání láti tú bọ́mpà kí ó lè rí inú, ṣùgbọ́n ó ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tí mo bá fojú rí ni màá kọ." Ó ya àwòrán ìta, ó kọ nǹkan mẹ́ta tí gbogbo ojú rí, ó sì kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà títí àwọn á fi kọ̀wé sí wa.

Ìgbà òjò ni. Ọkọ̀ tó ní iná iwájú kan ṣoṣo kò ṣeé gbé jáde lálẹ́, nítorí náà ọkọ̀ mi wà níta gbangba ní ṣọ́ọ̀bù bàbá, ibi tí iná ti fọ́ ṣí sílẹ̀, ibi tí bọ́mpà ti là náà ṣí sílẹ̀, òjò sì ń wọlé síbẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí mo bá pe ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n á ní, "Màdáàmù, ó wà lórí tábìlì ọ̀gá." Mo wọkọ̀ lọ sí Èkó, sí ọ́fíìsì wọn lápá Marina, wọ́n fún mi ní àga tó dára, wọ́n sì tún sọ ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn fún mi.

Lẹ́tà dé níkẹyìn: ₦96,000. Wọ́n ti yọ owó ogbó kúrò nítorí ọjọ́ orí ọkọ̀. Èyí ni ohun tó bí mi nínú jù, torí pé owó tòkunbọ̀ ni bàbá kọ, kì í ṣe owó ọ̀tun. Àlòkù ni bọ́mpà tí a fẹ́ rà, iye rẹ̀ ti wálẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ àlòkù, wọ́n sì tún yọ owó ogbó lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá tún kọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lónìí, màá rí i pé a kọ "tòkunbọ̀" gàdàgbà síwájú ohun kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan wà lẹ́yìn lẹ́tà náà tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí pé mo ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí mi, pé mi ò ní ohunkóhun bá wọn fà mọ́. Mi ò fọwọ́ sí i, mo sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó má ṣe fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí bọ́mpà bá ṣì wà lójú rẹ̀.

Ìdí ni pé nígbà tí bàbá tú bọ́mpà, irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ká wọnú lápá ọ̀tún, ó sì ti ti kọ́ńdẹ́ńsà ẹ́ẹ̀sì, ìyẹn apá ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níwájú ọkọ̀, sẹ́yìn. A tún ní láti dúró de arákùnrin ọjọ́sí. Ó dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Màdáàmù, irin yìí ti dípẹtà. Ọgbẹ́ àtijọ́ ni, kì í ṣe ti jíìpù."

Bàbá kò dá a lóhùn. Ó mú àkísà, ó fi kẹrosíìnì rin ín, ó nu ibi tí irin náà ti ká. Ìpẹtà ibẹ̀ pupa, ó fẹ́lẹ́, ó bá àkísà jáde, irin sì ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ó wá lọ sí ìpẹ̀kun irin kan náà lápá òsì, ó nu ún, ó tún nu ún. Ìpẹtà ibẹ̀ dúdú, ó ti jẹ irin wọnú, àkísà kò rí nǹkan kan mú. "Ọmọ mi," ni bàbá wí, "èyí ni àtijọ́. Tọ̀hún, òjò tí ẹ ní ká fi sílẹ̀ fún ló ṣe é."

Arákùnrin náà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí òun rí lòun máa kọ. Mo wá ṣí àwòrán Fádéyì lórí fóònù, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo yà á: irin náà ń dán níbi tó ká, ọ̀dà dúdú ara jíìpù sì wà lára rẹ̀. Mo fi àwòrán náà kún lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ wọn, mo ṣàlàyé ti owó ogbó, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ sí NAICOM, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ará ìlú lórí ọ̀rọ̀ ìdójútòfò. Ó yà mí lẹ́nu bí tábìlì ọ̀gá ṣe yára ṣófo.

Wọ́n gbà láti fi ₦25,000 irin náà kún un, wọ́n dín owó ogbó kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò yọ ọ́ tán, gbogbo rẹ̀ sì di ₦158,000. Nígbà yẹn ni mo tó fọwọ́ síwèé. Kọ́ńdẹ́ńsà ni wọn kò gbà, torí pé kò hàn nínú àwòrán mi, wọ́n ní ẹ́ẹ̀sì ọkọ̀ àtijọ́ lè bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbá mi lónìí, màá ní kí ẹni tó wá díye lé e kọ ọ́ sórí ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé wọn kò tíì tú bọ́mpà, pé òun kò tíì rí inú, kó sì fọwọ́ sí i níṣojú mi.

Mo pe oníjíìpù nípa kọ́ńdẹ́ńsà náà. Ó ní, "Mà, mo ti san owó ìnṣọ́ráǹsì mi, àwọn ni kí ẹ bá sọ ọ́." Mo ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ ní ₦40,000, bàbá fín ọ̀dà tán lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì gbé ọkọ̀ mi kúrò ní Múṣín.