Crusader Kings III: ta lẹ lè gbé ogun ẹ̀sìn lọ bá?

Crusader Kings III jẹ́ géèmù kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ti ń jọba láyé àtijọ́. Àwọn tó ń gbá a ní Ìkòròdú máa ń rí ìlú tó kún fún Mùsùlùmí lórí máàpù, wọ́n á ní ogun ẹ̀sìn ti délẹ̀. Wọ́n á tẹ ọba ibẹ̀, wọn ò ní rí ogun ẹ̀sìn náà níbẹ̀. Ẹ̀sìn ará ìlú kọ́ ni géèmù ń wò. Ẹ̀sìn ọba tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni ló ń wò. Ẹ mú ilé kan ní Sábó: ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ ń lọ mọ́ṣáláṣí, géèmù á kàn bi bàbá, ó parí. Olóyè Mùsùlùmí tó wà lábẹ́ ọba Kátólíìkì kò ṣeé kọlù fún Kátólíìkì ẹgbẹ́ ọba náà.

Ẹ tẹ ẹ̀sìn yín lójú ìwé ọba yín, ẹ ó rí bó ṣe ń wo àwọn yòókù. Ìpele mẹ́rin ni, láti èyí tó dáa jù dé èyí tó burú jù: Righteous, Astray, Hostile, Evil. Méjì tó kẹ́yìn ló ń ṣílẹ̀kùn ogun. Ojú tiyín ló ṣe kókó, kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀sìn tó bá jẹ́ Pluralist máa ń ro àjèjì sí rere, èyí tó bá jẹ́ Fundamentalist ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí Pacifism (ìlànà àlàáfíà) bá wà nínú ẹ̀sìn yín, ẹ gbàgbé ogun ẹ̀sìn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1066, ẹ mú Alfonso, ọba León ní ilẹ̀ Spain. Sancho ní Castile àti García ní Galicia jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, Kátólíìkì sì ni gbogbo wọn, torí náà kò sí ogun ẹ̀sìn láàárín wọn. Mùsùlùmí ló ń jọba ní Toledo àti Badajoz: ọ̀nà là síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní Fate of Iberia (àfikún géèmù náà), ẹ kọ́kọ́ ka òfin Struggle, ìyẹn ìjà agbègbè tó wà nínú rẹ̀, torí ó lè yí nǹkan padà.

Piety (máàkì ìfọkànsìn) lẹ ó fi san owó ogun. Tẹ́ ẹ bá borí, gbogbo county (agbègbè kékeré) tí ọ̀tá ní nínú duchy (àkójọ àwọn county) tẹ́ ẹ torí ẹ̀ jagun di tiyín. Ibi tí ọwọ́ ti ń jóni rèé: ẹ ka ọmọ ogun Toledo, ẹ rí i pé ẹ jù ú lọ, ẹ tẹ Declare War, àwọn ọba ẹlẹ́sìn kan náà sì rọ́ wọlé láti gbèjà rẹ̀. Ẹ ka tiwọn pẹ̀lú. Lẹ́yìn ogun, ẹ rán Court Chaplain (àlùfáà ààfin yín) síbẹ̀ kó yí county náà lẹ́sìn padà, kí ará ìlú má baà dìde sí yín.

Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ogun, ẹ save. NEPA ò mọ Toledo.