Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Láìba Ilẹ̀ Jẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé nílùú wa, ewé, koríko àti èèpo oúnjẹ tí a ń gbá jọ lójoojúmọ́ ni a máa ń dáná sun tàbí kó dà sí gọ́tà, lẹ́yìn náà ni a ó tún lọ fowó ra ajílẹ̀ lọ́jà. Oúnjẹ ilẹ̀ gan-an ni a ń sun yẹn, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ọgbà òun dára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣíwọ́ iná.

Láti sọ wọ́n di ajílẹ̀, ẹ wá igun kan lábẹ́ ìbòòji, tó jìnnà sí kànga, kí ẹ fi igi tàbí búlọ́ọ̀kù yí i ká ní ìwọ̀n mítà kan ní ìbú àti ní gígùn. Ẹ tẹ́ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Bí ẹ bá wá da garawa kan èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìdí ẹ̀fọ́ sí i, ẹ da garawa méjì tàbí mẹ́ta ewé gbígbẹ lé e lórí. Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ: bí ohun tútù bá pọ̀ jù, òkìtì náà yóò máa rùn, eṣinṣin yóò sì bò ó, bí gbígbẹ bá pọ̀ jù, kò ní tètè jẹrà. Ẹ jẹ́ kí ó máa ní ọ̀rinrin láìjẹ́ pé omi ń ro nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ọkọ́ yí i po ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí inú rẹ̀ bá gbóná, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má ṣe da ẹran, ẹja tàbí ọbẹ̀ olóròóró sí i, nítorí eku. Ìgbẹ́ adìẹ wúlò púpọ̀ nínú òkìtì yìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bu ú ní tútù sí ìdí ata, yóò jó gbòǹgbò rẹ̀. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ yóò ti dúdú, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ti ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò.

Ilẹ̀ tí a gbá kanlẹ̀ láìfi ewé kan sílẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n òjò líle máa ń wọ́ erùpẹ̀ ọlọ́ràá orí rẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ pàápàá máa ń fi koríko dé orí ebè iṣu kí oòrùn má baà jó o, kí ọ̀rinrin sì lè dúró níbẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ tí kò tíì so bo ìdí ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti tòmátò yín, láìjẹ́ kí ó kan ìdí igi wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí ẹ bá bu sí i láàárọ̀ kùtùkùtù yóò pẹ́ níbẹ̀.

Bí kòkòrò bá dé, ẹ má ṣe sáré lọ ra dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Sniper, tí àjọ NAFDAC fòfin de títa ike kékeré rẹ̀ ní ọdún 2019. Kì í ṣe ohun tí à ń fín sí ẹ̀fọ́ tí a máa jẹ. Ẹ gún ewé dóńgóyárò tútù ìwọ̀n kílò kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 5 mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, nítorí oòrùn máa ń tètè pa agbára rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò lára ewé díẹ̀.

Ní ti koríko àárín ọgbà, ọwọ́ ni kí ẹ fi fà á tu lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀. Àwọn kan máa ń da epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é láé, pàápàá níbi tí kànga wà, nítorí epo náà máa ń wọ inú ilẹ̀ lọ bá omi tí ẹ̀ ń mu.