Ìwé Tó Dúró Nípò Mi: Ìrírí Mi Nídìí Iṣẹ́ Stage Manager

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló kù kí eré wa bọ́ sójú ìtàgé nígbà tí olùdarí wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní èmi ni kí n ṣe stage manager, ẹni tó ń bójú tó bí eré ṣe ń lọ láti ẹ̀yìn ìtàgé. Òṣèré ni mí látilẹ̀. Nínú gbogbo eré tí mo ti ṣe ni mo ti máa ń rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà, ẹni aláṣọ dúdú tí kì í jókòó, tó ń gbé fáìlì kan káàkiri bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mi ò bi í léèrè rí pé kí ló wà nínú fáìlì yẹn. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn oṣù kan ni mo fẹ́ sọ níbí, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, tí àyà rẹ̀ ń já bí tèmi ṣe já lọ́jọ́ náà.

Eré ọba àti ìjòyè ni, Yorùbá pọ́nńbélé. Òṣèré 14, onílù 5, alẹ́ mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn kan n'Íbàdàn. Wọ́n fún mi ní igbákejì kan, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga, tó ń pè mí ní Àǹtí.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo tẹ ìwé eré náà jáde, ojú kan ṣoṣo lára bébà kọ̀ọ̀kan, mo lu ihò sí i, mo kó o sínú fáìlì olóruka. Tí ẹ bá ṣí i, ọ̀rọ̀ eré á wà lápá kan, òfìfo á wà lápá kejì. Inú òfìfo yẹn ni iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni mo ya ìtàgé kékeré sí lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń kọ ibi tí oníkálukú dúró sí, ọ̀nà tó gbà wọlé, ọ̀rọ̀ tó fi dìde. Mo fi nọ́ńbà so wọ́n pọ̀: mo kọ 1 sórí ọ̀rọ̀ tí Ìyálóde fi dìde, mo wá kọ sí òdìkejì pé "1. Ìy. dìde, ó gba ẹ̀yìn ìtẹ́ bọ́ sí òsì." Pẹ́ńsù ni o, kì í ṣe báírò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni olùdarí wa yí ìran ìgbìmọ̀ padà láàárín ọjọ́ méjì, síbẹ̀ ojú ewé yẹn ṣì ṣeé kà, torí gbogbo èyí tó yí padà ni mo fi írésà pa rẹ́ pátá kí n tó kọ tuntun.

Òsì àti ọ̀tún fẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Ti òṣèré tó kọjú sí òǹwòran là ń lò, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó níwájú. Èmi tí mò ń wo rìhásà láti iwájú, òdìkejì ni mò ń rí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo kọ ÒSÌ àti Ọ̀TÚN sórí téèpù, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ etí tábìlì mi ní ìhà tó yẹ kí kálukú wọn wà. Bí mo ṣe bọ́ nìyẹn.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ń ṣe rìhásà, torí owó gbọ̀ngàn gangan kì í ṣe kékeré. Mo mú téèpù ìwọnlẹ̀ lọ síbi tí a ti máa ṣeré, mo wọn ìtàgé: mítà 9 ní fífẹ̀, mítà 6 àti ààbọ̀ ní jíjìn. Mo padà wá lẹ téèpù sílẹ̀ ilé ìwé náà bó ṣe rí gẹ́lẹ́, téèpù òfeefèé fún ààfin, pupa fún ọjà: ibi ìtẹ́, àtẹ̀gùn mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà méjì. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ ń dun ni lẹ́yìn. Òṣèré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ pé ìṣísẹ̀ márùn-ún ló wà láti ẹnu ọ̀nà dé ìtẹ́ kò ní máa wolẹ̀ nígbà tó bá dé orí ìtàgé gidi. Ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni yóò máa wò. Kí ẹ tó lẹ nǹkan mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ ṣá, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ sì lo téèpù oníbébà tí kì í bó ọ̀dà.

Ní ti àkókò, ọ̀rọ̀ àgbà ló ṣòro jù. Ọmọdé tó bá pẹ́ dé, mo lè bá a wí. Ṣùgbọ́n Màmá tó dàgbà jù nínú wa, tí wọ́n ti ń ṣeré kí wọ́n tó bí mi, ta ni mo jẹ́ tí màá fi béèrè pé kí ló dá wọn dúró? Mo gbé ìwé ìfọwọ́sí kan sẹ́nu ọ̀nà, orúkọ oníkálukú, aago tó dé, ìfọwọ́sí. Nígbà tí Màmá wọlé ní 4:35 fún rìhásà aago mẹ́rin, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrìn, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i níbí kí ẹ tó jókòó." Wọ́n mú báírò, wọ́n wo aago, wọ́n wo 3:50 àti 3:55 tí àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bí lọ́mọ kọ sókè orúkọ wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Lálaalẹ́ ni mo tún ń fi iṣẹ́ ọ̀la ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tí a ń retí, ojú ewé tí a máa ṣe, aago tí a máa tú ká. Àwọn àgbà mẹ́ta tí kì í ka WhatsApp, mò ń pè wọ́n lórí fóònù.

Tábìlì ẹrù eré ni mo fẹ́ràn jù. Mo tẹ́ bébà aláwọ̀ ilẹ̀ sórí tábìlì gígùn kan lẹ́yìn ìtàgé, mo to gbogbo ẹrù sórí rẹ̀, mo fi máákà yípo ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú: ìrùkẹ̀rẹ̀, àwo obì, akèrègbè ẹmu, idà onígi, fìlà abetí ajá. Tí ojú kan bá ṣófo, tí ẹrù ibẹ̀ ò sì sí lórí ìtàgé, ẹnì kan ti gbé e síbi tí kò yẹ, a ó sì mọ̀ kí ìran tó kàn án tó dé. Ẹni tó bá máa lo nǹkan ni kó gbé e, òun náà ni kó dá a padà. Idà onígi yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ igi, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi í sí. Obì ní tirẹ̀, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Lẹ́nu rìhásà aláṣọ ni mo rí i pé olóyè kan pa obì mẹ́ta níbi tí a ti fi méjì sí. Mo ka iye tí a máa lò fún gbogbo alẹ́, mo ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo fi ewé dì í kó má gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí àmì, ìyẹn ìgbà tí iná tàbí ohùn gbọ́dọ̀ yí padà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba ẹni tuntun. Àmì iná 46 la ní, ti ohùn 11. Nọ́ńbà ni mo fún iná, lẹ́tà ni mo fún ohùn, kí "mẹ́rin" iná má baà di "mẹ́rin" ohùn nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ gan-an tí iná gbọ́dọ̀ bá yí ni mo fàlà sí nídìí nínú ìwé, kì í ṣe gbólóhùn. Tó bá ku nǹkan bí ìlàjì ojú ewé, màá sọ lórí headset pé, "Ẹ múra, iná 23." Ẹni tó wà nídìí iná á ní, "Mo ti múra." Tí ọ̀rọ̀ náà bá wá dé, màá ní, "Iná 23, gò." Nọ́ńbà ló ń ṣáájú, "gò" ló ń kẹ́yìn, torí orí rẹ̀ gan-an ni ìka ń tẹ bọ́tìnnì.

Kì í ṣe "gò" la kọ́kọ́ ń lò. "Lọ" ni. Ó dùn létí, èdè wa sì ni. Lọ́jọ́ kejì tí à ń dán iná wò, igbákejì mi bi mí lórí headset bóyá kí Ìyálóde máa bọ̀, mo ní, "Rárá, jẹ́ kí àwọn ọlọ́jà kọ́kọ́ lọ." Kí n tó pa ẹnu dé, gbogbo ìtàgé ti ṣókùnkùn. Bùrọ̀dá tó wà nídìí iná gbọ́ "lọ", wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọn ò jẹ̀bi. Ẹ̀ẹ̀mélòó là ń pe "lọ" láàárín wákàtí kan nínú Yorùbá? Ó ti lọ, lọ mú un wá, wọ́n ń lọ. Ojú ẹsẹ̀ la yí i padà sí "gò", a sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe gò lórí headset fún ohun mìíràn.

Ìlù ni ó le jù. Òṣèré máa ń sọ ohun tó wà nínú ìwé. Ìyáàlù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí Ọba ti ń jáde lẹ́yìn ìran ìdájọ́, Bàbá Oníyàálù ló ń fi oríkì sìn ín, tí òǹwòran bá sì gun orí ìtàgé wá náwó fún Ọba, oríkì á gùn sí i. Ní àmì iná 41, ìtàgé gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn lẹ́yìn tí ìlù bá parí. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó parí? Mo lọ bá Bàbá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìlù á sọ fún ẹ." Wọ́n wá lù ú sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Ọba ń lọ, ẹ dìde. Wọ́n ní ohunkóhun tí àwọn bá ń lù tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni àwọn máa fi pa á dé. Ó wọ̀ mí létí bí orúkọ mi. Inú mi dùn, mo padà sídìí tábìlì mi, mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ 41 pé "nígbà tí ìlù bá parí".

Ọjọ́ tí a kó gbogbo ẹ̀ dé gbọ̀ngàn gidi, a ò ṣe eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àmì dé àmì la ń fò: òṣèré á sọ gbólóhùn méjì tó ṣáájú àmì, iná á yí, a ó tún fò síbi tó kàn. Wákàtí méje ló gbà. Ọmọ onílù kan ń súfèé lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Màmá ní kó dákẹ́, ó rò pé torí ejò ni. Wọ́n ní láwọn ilé eré àtijọ́ ní Yúróòpù, àwọn atukọ̀ ojú omi wà lára àwọn tó ń fa okùn ẹrù tó so rọ̀ lókè ìtàgé, ìfé ni wọ́n sì fi ń ṣàmì síra wọn. Ẹni tó bá súfèé lásán lè fa ẹrù já lé èèyàn lórí. Mo fi èyí sínú òfin wa.

Ọjọ́ eré, aago méje la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láti aago mẹ́ta ni mo ti dé. Mo gbálẹ̀ ìtàgé fúnra mi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ yẹ gbogbo àtẹ̀gùn wò bóyá ìṣó yọrí, torí ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń jó. Ìlànà tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó Bìrìtìkó ni mo fi ń kéde àkókò, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 35 ni wọ́n ń pè ní ààbọ̀ wákàtí: 6:25, lẹ́yìn náà 6:40, 6:50, ní 6:55 kí àwọn tó máa kọ́kọ́ jáde bọ́ síbi tí wọ́n máa dúró. Gbogbo ẹni tí mo bá kéde fún gbọ́dọ̀ dáhùn pé "A gbọ́." Ẹni tí ò bá dáhùn, màá wá a kàn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná ìjọba lọ lálẹ́ àkọ́kọ́. A ti fi èyí dánra wò: kí oníkálukú dúró síbi tó wà, kí onílù máa lù jẹ́jẹ́, kí igbákejì mi tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu àtẹ̀gùn títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbé e. Kò sẹ́ni tó ṣubú. Kí n tó sùn, mo kọ ìròyìn alẹ́ náà ránṣẹ́ sí olùdarí àti gbogbo olórí iṣẹ́: apá kìíní ìṣẹ́jú 58, ìsinmi 15, apá kejì 49, okùn ìlẹ̀kẹ̀ Olorì já, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa tún un sín. Mi ò dárúkọ ẹni tó já a.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mo gbìyànjú kí n dìde, mi ò lè dúró. Ní aago méjì ọ̀sán, mo pe igbákejì mi, mo ní òun ló máa pe àmì eré lálẹ́ yẹn. Ó dákẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí." Mo ní kó ṣí ìwé, kó máa kà á sí mi létí láti àmì àkọ́kọ́. Ó ka ojú ewé bíi mẹ́wàá kí ohùn rẹ̀ tó balẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá ló tún pè mí. Iná 46, ohùn 11, gbogbo rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà, àfi ẹyọ kan. Ẹnì kan gun orí ìtàgé wá náwó fún Ọba, Bàbá Oníyàálù dá ìlù dúró díẹ̀ kí wọ́n lè tún apá ìlù tó ń yọ̀ lórí èjìká wọn ṣe. Ọmọ náà wo ìwé, ó rí "nígbà tí ìlù bá parí", ó pe gò. Òkùnkùn bo Ọba mọ́lẹ̀ láàárín ìtàgé, ìlù sì tún bẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kò jẹ̀bi, ìwé ló jẹ̀bi, èmi ni mo sì kọ ìwé.

Wọ́n ti ní ká gbé eré náà lọ sí Òṣogbo. Nígbà tí ara mi yá, èmi àti igbákejì mi gbé fáìlì lọ bá Bàbá nílé. A kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá wa lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, wọ́n lù ú, ọmọ náà ń fi ẹnu gbè é títí ó fi bá ìlù mu. Mo pa "nígbà tí ìlù bá parí" rẹ́, mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ 41: Ọba ń lọ, ẹ dìde. Re re mí re, re dò re. Gò lórí "re" tó kẹ́yìn.