Ibo ni ₦137.50 mi gbà lọ? Bí a ṣe ń ka sháàjì káàdì ká tó dá iye lé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rá èlùbọ́ kan tí mò ń tà ní ₦2,500 ló là mí lójú. Adó-Èkìtì níbí ni mo ti ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èlùbọ́ iyán, gaàrí, ìrẹsì Ìgbẹmọ nígbà tí mo bá rí i rà, ọjà ń lọ o, álẹ́ẹ̀tì ń dún, àmọ́ tí n bá jókòó ka owó lálẹ́ ó máa ń dín. Mo kọ́kọ́ rò pé àbúrò mi tó ń bá mi di ọjà ló ń tọ́wọ́ bọ̀ ọ́, mo pè é jókòó, a gbé fóònù sáàárín, a ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó o, ₦2,500 ni kọ́sítọ́mà san, ₦2,362.50 ló kàn yín. Ṣé èmi náà ni mo wọnú kọ̀ǹpútà lọ yọ ìyókù ni?" Ojú tì mí. ₦137.50 ń lọ lórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, èrè mi lórí ọ̀rá náà ò sì ju ₦300 lọ. Ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, èmi àti ẹni tí mi ò mọ̀ rí la jọ ń pín èrè èlùbọ́ tí èmi nìkan fẹsẹ̀ rìn lọ rà l'Ọ́jà Ọba.

Ta wá ni onítọ̀hún? Ẹ wò ó báyìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi àpò gaàrí kan ránṣẹ́ láti Adó sí Èkó, alábàárù máa gba tiẹ̀, àwọn ará gárééjì máa gba tiwọn, dírẹ́bà máa gba tiẹ̀, ẹni tó máa gbé e láti gárééjì Èkó dé ilé ẹni tó rà á náà ò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bí owó káàdì náà ṣe ń rìn nìyẹn. Báǹkì tó fún kọ́sítọ́mà ní káàdì máa gba tiẹ̀, òun ló sì sábà máa ń mú èyí tó pọ̀ jù. Visa tàbí Mastercard tàbí Verve, ìyẹn orúkọ tó wà lára káàdì, wọ́n ní tiwọn, torí ojú ọ̀nà wọn lowó gbà kọjá. Báǹkì tó gba owó náà fún ẹ̀yin náà ní tiẹ̀. Ẹ wá fi gétíwèè sí i, ìyẹn Paystack, Flutterwave, Interswitch àti irú wọn, àwọn tó kọ ojú ibi tí kọ́sítọ́mà ti ń tẹ nọ́ńbà káàdì sí. Ọ̀pọ̀ gétíwèè ní Nàìjíríà kì í to gbogbo eléyìí sílẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pò ó pọ̀ sójú kan, wọ́n á ní iye báyìí la máa yọ. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé káàdì tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa níbí, dẹ́bíìtì ni, owó ara ẹni ló wà nínú ẹ̀. Krẹ́díìtì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, gbèsè ni, báǹkì ló yá ẹni náà lówó tó fi rajà, ó tún ń fún un ní ẹ̀bùn lórí ẹ̀, ẹni tó ń tajà ló sì ń sanwó ẹ̀bùn náà láìmọ̀. Nílẹ̀ Yúróòpù wọ́n bínú sí i, lọ́dún 2015 wọ́n ṣòfin pé èyí tí báǹkì oníkáàdì máa gbà ò gbọdọ̀ ju 0.2% lọ lórí dẹ́bíìtì àti 0.3% lórí krẹ́díìtì. Àwa náà ní ti wa lórí POS, ìwé ìlànà sháàjì tí CBN, ìyẹn báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gbé jáde lọ́dún 2020 fi í sí 0.5%, kò sì gbọdọ̀ ju ₦1,000 lọ. Nítorí náà tí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ájílosun bá sọ fún yín pé sháàjì káàdì ò tó nǹkan, kò parọ́, POS ló ń sọ. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Mo máa lo iye tí Paystack kọ síta fún káàdì Nàìjíríà torí òun ni mo mọ̀ dáadáa: 1.5% pẹ̀lú ₦100, àmọ́ tọ́jà ò bá tó ₦2,500 wọn ò ní gba ₦100 yẹn, bó sì ṣe wù kí owó náà pọ̀ tó sháàjì ò ní kọjá ₦2,000. Gétíwèè tiyín lè yàtọ̀, ìṣírò kan náà ni.

Gbogbo èèyàn ló ń wo 1.5% yẹn, 1.5% kọ́ ni ìṣòro. ₦100 ni. Tẹ́ ẹ bá ta ọjà ₦10,000, wọ́n máa yọ ₦250, ìyẹn 2.5%. Ọjà ₦50,000, ₦850, 1.7% péré. Ọjà ₦200,000, ₦2,000 ni, 1%, torí ó ti kan òrùlé. Ẹ wá wo ọjà ₦3,000, ₦145 ni wọ́n yọ, ó ti ń lọ sí 5%. Èlùbọ́ mi ₦2,500 wá burú jù lọ nínú gbogbo ẹ̀, 5.5%! Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ amúnáwá ò mọ ìyà tó ń jẹ ẹni tó ń ta gaàrí.

Ibi tó dùn níbẹ̀ rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ká ní mo já owó ọ̀rá èlùbọ́ yẹn wálẹ̀ sí ₦2,450. Kò tó ₦2,500 mọ́, ₦100 ti lọ, 1.5% nìkan ló kù, ìyẹn ₦36.75. ₦2,413.25 ló máa wọlé fún mi. Nígbà tí mò ń tà á ní ₦2,500 ńkọ́? ₦2,362.50. Mo dín ₦50 kù fún kọ́sítọ́mà, inú ẹ̀ dùn, owó tó wọlé fún mi sì fi ₦50.75 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà gbọ́, àbúrò mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá wá bá a lọ, ẹ máa rí i pé látorí ₦2,500 títí dé ₦2,600, kò sí iye kankan níbẹ̀ tó máa mú owó wọlé ju ₦2,499 lọ. Ẹ má dá iye lé ọjà kankan sáàárín ibẹ̀ láé. Yálà kẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fò ó kọjá dáadáa, bíi kẹ́ ẹ di ọ̀rá méjì pọ̀ kẹ́ ẹ tà á ní ₦4,800, sháàjì ẹ̀ ₦172 fún méjèèjì.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún owó wéébìlì o. Gétíwèè ò mọ̀ pé èyí owó ọjà, èyí owó ọkọ̀, gbogbo ohun tí kọ́sítọ́mà bá tẹ̀ pọ̀ ló máa yọ sháàjì lórí ẹ̀. Ọjà ₦2,450 tẹ́ ẹ bá fi owó ọkọ̀ ₦1,500 kún un lójú ibi ìsanwó, ó ti di ₦3,950, ₦100 ti padà dé, sháàjì ti di ₦159.25. Ohun témi ń ṣe ni pé ẹni tó rà á ló máa fún dírẹ́bà lówó tó bá dé gárééjì lọ́dọ̀ tiwọn. Àwọn kan kì í fẹ́, wọ́n á ní wàhálà ni, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rà á pọ̀ nígbà yẹn, kí n bá wọn gbé e sínú owó ọjà.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kí kọ́sítọ́mà gbé sháàjì náà fúnra ẹ̀, ẹ má kàn fi iye tẹ́ ẹ rò lé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe é báyìí: mo fẹ́ gba ₦10,000, sháàjì ẹ̀ ₦250, ó yá, ₦10,250 ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí wọ́n tún máa yọ 1.5% lórí ₦250 tẹ́ ẹ fi kún un, ₦9,996.25 ló máa wọlé. ₦3.75 ò jọ nǹkan kan lójú, ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ mú iye tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, ẹ fi ₦100 kún un, ẹ wá fi 0.985 pín in. ₦10,100 tẹ́ ẹ bá fi 0.985 pín, ₦10,253.81 ló máa já sí, ohun tẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀ nìyẹn, ₦10,000 gééré ló máa wọlé. Èmi ò sì ní kọ "sháàjì káàdì" sí abẹ́ ẹ̀ lọ́tọ̀ o, mo máa bù ú sínú owó ọjà ni. Àwa ará Èkìtì lè san ₦10,300 láìjanpata, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ọjà ₦10,000, sháàjì ₦254, wọ́n á bi yín pé èwo lẹ pè ní sháàjì, ṣé ọjà náà ò lówó lórí tẹ́lẹ̀ ni.

Káàdì ìlú òyìnbó wá ni olórí ẹ̀. 3.9% pẹ̀lú ₦100, kò sì ní òrùlé. Ìyá kan tó wà ní Houston máa ń ra oúnjẹ fáwọn òbí ẹ̀ n'Íkọ̀lé lọ́dọ̀ mi, iṣu, ìrẹsì, epo, ó máa ń tó ₦80,000. Káàdì Nàìjíríà ni ì bá fi san, ₦1,300 ni wọn ì bá yọ. Pẹ̀lú káàdì tiẹ̀, ₦3,220. Mi ò bínú sí i, owó ńlá lòun náà ń ná, ṣùgbọ́n mo ti ya ojú ìwé fáwọn ará òkèèrè sọ́tọ̀ báyìí, iye orí ọjà tibẹ̀ ga díẹ̀. Tó bá ní ẹni tó lè bá a fi náírà san níbí, mo máa ń sọ fún un pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí bọ̀dá yẹn ṣe tíránsífà, ó máa dínkù fún yín."

Tíránsífà náà ní tiẹ̀. Tó bá wọ àkáǹtì yín tààrà, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló san sháàjì ẹ̀, ìwé ìlànà CBN ọdún 2020 yẹn fi í sí ₦10 tí kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦25 títí dé ₦50,000, ₦50 lókè ìyẹn. Ó dùn mọ́ ẹni tó ń tà, gétíwèè ò yọ nǹkan kan lórí ọjà. Wàhálà ẹ̀ ni féèkì álẹ́ẹ̀tì, àti pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa jókòó máa wò ó pé ta ló san èwo, tí èèyàn mẹ́rin bá san ₦2,450 láàárọ̀ kan náà, tí ẹnì kan sì lo àkáǹtì ọkọ ẹ̀, orí máa fọ́ yín. Ọ̀nà kan wà láàárín: gétíwèè lè dá nọ́ńbà àkáǹtì tiẹ̀ sílẹ̀ fún kọ́sítọ́mà kọ̀ọ̀kan. Ti Paystack jẹ́ 1%, kì í sì ju ₦300 lọ. Ẹ fi wé káàdì, ọjà ₦10,000 jẹ́ ₦100 dípò ₦250, ọjà ₦50,000 jẹ́ ₦300 dípò ₦850. Àwọn kọ́sítọ́mà tó ti mọ́ mi lára, tó máa ń rà lóṣooṣù, ibẹ̀ ni mo kó gbogbo wọn lọ.

Ohun méjì kan wà tí kì í sí nínú ìṣírò àwọn èèyàn. Àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá dá owó padà fún kọ́sítọ́mà, sháàjì tí wọ́n ti yọ kì í sábà bá a padà. Ọjà ₦10,000 tẹ́ ẹ ò rí fún un mọ́, ₦10,000 lẹ máa dá padà, ₦250 ti jóná. Nítorí náà, ọjà tí kò bá sí nílẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí wẹ́búsáìtì lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ọ̀la ni mo máa lọ rà á. Ìkejì burú jùyẹn lọ: kọ́sítọ́mà lè gba báǹkì ẹ̀ lọ, kó ní òun ò gba ọjà, tàbí kó ní kì í ṣe òun ló lo káàdì náà. Wọ́n á bi yín léèrè ẹ̀rí, àkókò tí wọ́n máa fún yín kì í pọ̀, tẹ́ ẹ ò bá fèsì wọ́n á fa owó náà padà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ₦18,000, ọjà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, èmi ni mi ò ní risíìtì gárééjì tí mo lè fi hàn. Látìgbà yẹn àbúrò mi máa ń ya fọ́tò ẹrù àti ìwé wéébìlì pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀, ó sì máa ń bi kọ́sítọ́mà lórí WhatsApp pé ṣó ti dé, kó sáà ti dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni".

Ẹ fi í sọ́kàn náà pé owó tí wọ́n san lónìí, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ló sábà máa ń wọ àkáǹtì yín. Ti Fúráìdé di Mọ́ńdè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ rajà lọ́jà Sátidé, owó tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ gbọ́kàn lé, kì í ṣe èyí tó wà lójú fóònù.

Ìwé mi báyìí, ìlà mẹ́rin ni mo fà sí i: iye tí kọ́sítọ́mà san, iye tó wọlé, ohun tí mo fi ra ọjà, èyí tó kù. Mi ò kọ 1.5% síbẹ̀ rárá, iye tó wọlé gan-an ni mò ń kọ. Láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta mo máa ń ṣí ojú ìwé sháàjì gétíwèè mi wò, torí wọ́n lè yí i padà, tó bá ti yí, mo máa jókòó tún iye orí ọ̀rá kéékèèké ṣírò kí n tó fọwọ́ kan ti ńláńlá.