Bí A Ṣe Ń Ṣe Ọkọ̀ Gàgàrà Oníná Tó Ń Tọ Ojú Ihò

Ẹni tó bá dàgbà sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ti fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò rí. Ó ti gé sílípáàsì tó já ṣe táyà, ó sì ti fi okùn fà á káàkiri àdúgbò. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ kọ́ yín yìí ò jìnnà sí ti agolo yẹn, àfi pé iná ló ń fà á dípò okùn. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba àárín ọ̀nà rẹ̀ lọ, irin méjì tó ń gbé iná sì wà lọ́tùn-ún lósì ihò náà. Ọkọ̀ á ki ahọ́n ike kan bọ inú ihò, irùn bàbà tó wà lára ahọ́n á máa ra irin méjèèjì, mọ́tọ̀ á sì máa yí.

Ọkọ̀ ìje pẹlẹbẹ ni wọ́n sábà ń fi sáré lórí irú ọ̀nà yìí. Gàgàrà ni tiwa, irú èyí tí Bob Chandler, ará Missouri ní Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Bigfoot sọ di olókìkí nígbà tó fi gun orí àwọn ọkọ̀ ògbólógbòó lọ́dún 1981. Táyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ga tó 66 íǹṣì, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 168, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 32, táyà á jẹ́ mílímítà 52, ọkọ̀ á sì fẹ̀ kọjá mílímítà 110. Lórí ọ̀nà Scalextric, irú ọ̀nà oníhò kan tí wọ́n ń tà, nǹkan bíi mílímítà 78 ló wà láàárín ihò kan sí èkejì, ọkọ̀ méjì ò ní lè kọjá lára wọn. Ọ̀nà 43 ni mo máa ń pín in sí. Táyà á jẹ́ bíi mílímítà 40, mo sì ń dín ìbú ọkọ̀ kù sí 70. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Táyà ò le. Ẹ gé sílípáàsì ní róbótó, ẹ lẹ méjì pọ̀ kí ó nípọn tó mílímítà 20, ẹ lu àárín rẹ̀, kí ẹ fi sípóòkì kẹ̀kẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹ máa yí i lórí pépà ìdán títí yóò fi ṣe róbótó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé túùbù kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wé e mọ́ ọn lára kí ó lè di ojú ọ̀nà mú. Sípóòkì yẹn náà ni ọ̀pá táyà. Mi ò tíì ra ọ̀pá rí.

Ní ti jíà, ọkọ̀ ìje tó ń lo táyà mílímítà 20 sábà ń ní jíà eléyín 9 lára mọ́tọ̀ àti eléyín 27 lára ọ̀pá táyà: mọ́tọ̀ á yí lẹ́ẹ̀mẹta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tiwa ga ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá lo jíà kan náà, eré á di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń gun nǹkan á sì dín kù sí ìdajì. Ẹ tò ó ní ìpele méjì, 9 sí 27, kí 9 mìíràn tún gbé 27 mìíràn, mọ́tọ̀ á wá yí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án fún ìyí táyà kan. Ẹ lọ sí ọjà Wàǹdó, kí ẹ wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú, jíà kún inú rẹ̀.

Mọ́tọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní 130 ló tó. Ẹ kíyè sí i o: èyí tó wà nínú ohun ìṣeré ọmọdé, fólítì 3 ni wọ́n sábà ṣe é fún. Ti ọ̀nà oníhò ń gba 12, ojú wọn sì jọra. Bí ó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò lè gbà á láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe òun.

Ó wá ku ahọ́n. Ibí ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ba iṣẹ́ tó dára jẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ kun ara ọkọ̀, wọ́n á ya àwòrán sí i, ìgbà tó bá kan ahọ́n ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò kan ilẹ̀. Táyà mílímítà 40 gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè ní mílímítà 20, ahọ́n tí wọ́n ń tà kò sì sọ̀ kalẹ̀ ju bíi 7 lọ. Àwọn kan á fi súpà gúlù lẹ igi mọ́ ọn kí ó lè gùn, ní kọ́nà àkọ́kọ́ á kán. Àwọn mìíràn á tẹ iwájú ọkọ̀ wálẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀, táyà iwájú á wá máa ha ara ọkọ̀.

Apá ni kí ẹ ṣe fún un. Ẹ gé ike líle tó gùn tó mílímítà 40, ẹ so ìdí rẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn ọ̀pá táyà iwájú, pẹ̀lú pín-ìn-nì tó jẹ́ kí ó lè lọ sókè sódò fàlàlà. Kí orí rẹ̀ yọ síwájú táyà iwájú díẹ̀, ibẹ̀ ni ahọ́n yóò wà, kí ahọ́n náà sì lè yí sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi òjé díẹ̀ lé apá náà kí ó máa sọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdènà kékeré kan sí i kí ó má sọ̀ ju mílímítà 8 lọ nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ọ̀nà, kí ẹ ki pépà ìwé àjákọ sábẹ́ táyà iwájú: ó gbọ́dọ̀ yọ láìjà. Ẹ ki í sábẹ́ irùn bàbà: ó gbọ́dọ̀ dì í mú. Bí ó bá jẹ́ táyà ló di pépà mú, tí bàbà sì jẹ́ kó yọ, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ padà sídìí apá.

Wáyà náà ń fa wàhálà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan pààrọ̀ mọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ ò lọ. Ìgbà tí mo dojú ọkọ̀ náà bolẹ̀ ni mo rí i pé wáyà iná ilé tó le ló fi so ahọ́n, òun ló ń gbé apá náà sókè bí ìka ẹni tó ń tọ́ka. Wáyà olókùn wẹ́wẹ́ tó rọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ó gùn díẹ̀, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ bàbà. Bí ọkọ̀ bá ń sá sẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ wáyà méjèèjì.

Ẹ má fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣe wàhálà. Abẹ́ ọkọ̀ ìje ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ó máa fa irin, tiwa jìnnà sílẹ̀ jù. Òjé àwọ̀n tí àwọn apẹja létí ọ̀sà ń lò ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹ pa á pẹlẹbẹ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ju ọ̀pá táyà lọ, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà, nítorí òjé kò dára nínú ara.

Ara ọkọ̀ wù yín bí? Páálí fẹ́ẹ́rẹ́ tó. Peugeot 404 bâchée, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré onítapólì, ni mo máa ń ṣe, nítorí gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá ti fúyẹ́ dára, èyí tó bá wúwo lókè á ṣubú ní kọ́nà.

Fún iná, ẹ wá ádábítọ̀ fólítì 12. Nígbà tí iná bá lọ, bátìrì ọ̀kadà, èyí tí àwọn onízém ń lò, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi fíúsì sí ojú wáyà. Bí irin méjèèjì bá fara kan ara wọn láìsí fíúsì, wáyà á jó. Ní àkókò ọyẹ́, eruku ń bo irin, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rọra wà á yípo ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ to páálí mílímítà 3 sí ibi tí táyà ń gbà, kí ó má kan irin o. Bí ọkọ̀ bá gùn ún tí ahọ́n ò yọ nínú ihò, ẹ gbé e dé mílímítà 5. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ahọ́n á jáde.