Bí a ṣe ń mọ aago tó wà nínú kantíkantí

Aago tí mò ń sọ ni ohun inú ara kòkòrò yìí tó ń sọ àkókò fún un, kódà láìrí oòrùn. Kí ẹ lè rí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń tà lọ́pọ̀ nírọ̀lẹ́ ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Ẹ rún un sínú ìgò mẹ́ta tí ẹnu wọn fẹ̀, kí ẹ gbé wọn sẹ́bàá fèrèsé láìdé. Kó tó di ọjọ́ kejì, kantíkantí, kòkòrò tíntìntín tó ń yí igbá ẹmu ká, á ti wọlé. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti rọ́bà dé e. Lẹ́yìn ọjọ́ 3, ẹ tú àwọn àgbà sílẹ̀, kí ẹ tún un dé. Wọ́n ti yé.

Ẹyin á di ìdin láàárín ọjọ́ kan. Ní nǹkan bí ọjọ́ 6, ìdin á gun ara ìgò, á sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo tó rí bí hóró ìrẹsì kékeré. Ìgbà yìí ni kí ẹ pín wọn: ẹ fi ìgò kan sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ẹ gbé ìkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, kí ẹ fi ìkẹta sábẹ́ gílóòbù tí kì í gbóná, tí ẹ kò ní pa tọ̀sán-tòru.

Tó bá ku díẹ̀ kó pé ọjọ́ 10, èèpo á dúdú. Ẹ máa wò ó ní wákàtí méjì méjì láti aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ fi máákà sàmì sí èèpo tó bá ti ṣófo. Ẹ fi ọ̀rá pupa wé tọ́ọ̀ṣì fún ti inú òkùnkùn, torí ojú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí iná pupa.

Mo jókòó ti ọ̀kan ní ìdájí. Iwájú orí rẹ̀ wú bí báàlúùnù, ó ti ìdérí èèpo ṣí, ó wọ́ jáde, ó funfun, ìyẹ́ rẹ̀ rún jọ bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹ́ náà tẹ́.

Àárọ̀ ni púpọ̀ wọn ń jáde lẹ́bàá fèrèsé. Èyí tó bá gbó lẹ́yìn tí àkókò ti kọjá á dúró dọjọ́ kejì. Ti inú òkùnkùn náà kì í gbàgbé àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fi oòrùn hàn án! Ti abẹ́ gílóòbù ni yóò máa jáde nígbàkígbà.

Irú kíkà báyìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ronald Konopka àti Seymour Benzer ṣe ní California. Ní 1971, wọ́n kéde irú kantíkantí mẹ́ta tí aago wọn bàjẹ́: ti ọ̀kan ń yí ní wákàtí 19, ti ìkejì ní 28, ìkẹta kò ní àkókò rárá. Jíìnì (àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ) kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní period, ló yàtọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pùrótéènì tí jíìnì yìí ń mú jáde máa ń pọ̀ lóru, á wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì, á dá jíìnì náà dúró. Bó bá ti tán nílẹ̀, jíìnì á tún bẹ̀rẹ̀. Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ló gba ẹ̀bùn Nobel lórí bí aago yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ní 2017. Irú jíìnì yìí wà lára àwa èèyàn náà.

Bí ọyẹ́ bá mú, wọ́n máa ń pẹ́ dàgbà. Ẹ má tètè da ìgò nù.