Bí A Ṣe Ń Fi Omi Ewé Ẹ̀wà Tọ́ Bakitéríà Inú Kókó Gbòǹgbò

Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Martinus Beijerinck kọ́kọ́ ya bakitéríà inú kókó gbòǹgbò (kókó kéékèèké ara gbòǹgbò ẹ̀wà, níbi tí bakitéríà ti ń sọ náítírójìnì inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ irúgbìn) sọ́tọ̀ ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì ní ọdún 1888, omi ewé irúgbìn tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà ni ó pò mọ́ jẹ́látìnì láti fi bọ́ ọ. Ọ̀nà yìí ṣì wúlò fún yàrá ìwádìí tí kò lówó oúnjẹ bakitéríà alágolo, ewé ẹ̀wà kò sì wọ́n wa nílẹ̀ yìí.

Ẹ̀wà tí ó ń tanná ni kí a wá, kí a sì fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, nítorí pé bí a bá fọwọ́ fà á tu, àwọn kókó náà yóò já sínú ilẹ̀. Kí a la ọ̀kan wò: bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ó ń ṣiṣẹ́, bí ó bá funfun tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé, kí a wá òmíràn.

Kí a se 100 gíráàmù ewé àti ọ̀pá ẹ̀wà tútù nínú omi fún 30 ìṣẹ́jú, kí a sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì, kí a sì bu omi kún un títí yóò fi pé lítà kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, nítorí wọ́n rò pé bí ó bá ṣe ki tó ni yóò ṣe dára tó, bẹ́ẹ̀ sì ni inú ewé ní àwọn èròjà tí irúgbìn fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, tí wọ́n lè dí bakitéríà lọ́wọ́. Èmi a máa ṣe mẹ́ta láti mọ èyí tí bakitéríà yóò fẹ́ jù: ògidì, èyí tí a bu omi là ní ìlọ́po méjì, àti èyí tí a bu omi là ní ìlọ́po mẹ́rin. Kí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí) wà láàárín 6.8 sí 7. Kí a fi 15 gíráàmù agar (ìyẹ̀fun tí ń mú omi dì) sí lítà kọ̀ọ̀kan, kí a gbé e sínú autoclave (ìkòkò tí ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò) ní 121°C fún 20 ìṣẹ́jú, kí a sì dúró kí ó tutù dé nǹkan bí 50°C kí a tó dà á sínú àwo.

Kí a gé kókó náà pẹ̀lú gbòǹgbò díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kí awọ rẹ̀ má baà ya, kí a rì í sínú sípíríìtì 95% fún ìṣẹ́jú àáyá 10, lẹ́yìn náà sínú omi hypochlorite (èròjà inú omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun) 3% fún ìṣẹ́jú 3, kí a sì fi omi tí a ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ṣan án nígbà 6. Kí a ta omi ìṣanwẹ́yìn sí àwo tirẹ̀. Bí ohunkóhun bá hù níbẹ̀, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Lẹ́yìn èyí ni a ó fọ́ kókó náà, tí a ó sì fi wáyà tí a ti fi iná sun fa omi inú rẹ̀ káàkiri ojú àwo.

Kí a dojú àwo dé ní 28°C, kí omi tó bá sẹ̀ sí ìdérí má baà kán sí i. Bradyrhizobium, irú bakitéríà tí ó sábà máa ń gbé inú kókó gbòǹgbò ẹ̀wà, kì í yára hù, ó lè gbà tó ọjọ́ 6 sí 10. Ohun tí ó bá yọjú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àlejò ni. Kí a bu èyí tí a bá rí sí ìdí ọ̀gbìn ẹ̀wà nínú yanrìn tí a ti pa kòkòrò inú rẹ̀, kí a gbin òmíràn tí a kò bu ohunkóhun sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a sì wú méjèèjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Bí kókó bá wà lára èkejì náà, yanrìn wa kò mọ́, kí a tún un gbìn.